Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Kí ni ooru omi ń ṣe fún palládíọ̀mù inú síóláìtì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Àkúrẹ́ ni mo wà, mò ń ṣe ìwádìí máàsítà lórí palládíọ̀mù (irin olówó iyebíye kan) tí a fi sínú SSZ-13, irú síóláìtì kan, ìyẹn ìyẹ̀fun oníhò tíńtìntín tí a fi alumíníọ̀mù, sílíkọ̀nù àti ọ́síjìn kọ́, èyí tó ń gba NO (gáàsì olóró tí náítírójìn àti ọ́síjìn para pọ̀ dá) mú nínú èéfín ọkọ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Mo gbé e sínú fọ́nẹ́ẹ̀sì ní 750°C, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tó ní 10% ooru omi, kó lè dà bí èyí tó ti pẹ́ lábẹ́ ọkọ̀. Dípò kó bàjẹ́, NO tó gbà pọ̀ ju ti tuntun lọ. Nígbà tí mo gbé e dé 900°C, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gba nǹkan kan mọ́. Ṣé mo ṣì í ṣe ni? Ṣé èyí tó kú yìí ṣì lè jí?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má da àbájáde 750 yẹn nù o. Òótọ́ ló sọ fún ọ.

Nígbà tí o da omi palládíọ̀mù sórí ìyẹ̀fun síóláìtì, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló wọlé. Ẹnu ihò SSZ-13 kò ju nǹkan bí 3.8 Å lọ (Å kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mẹ́wàá mítà), palládíọ̀mù tí omi sì yí ká kì í rọrùn fún láti gba ibẹ̀ kọjá. Apá kan dúró síta, ó sì di wóró PdO, ìyẹn palládíọ̀mù tó ti bá ọ́síjìn pọ̀, nígbà tí o kọ́kọ́ sun ún. PdO yìí kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún iṣẹ́ tí o ń wá. Èyí tó ń di NO mú dáadáa ni palládíọ̀mù tó dá dúró ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, Pd²⁺ (èyí tó ti pàdánù ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù méjì), tó jókòó sínú ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ alumíníọ̀mù ara síóláìtì náà. Bí ìgbóná bá wà láàárín 700 sí 800°C, àwọn wóró PdO á tú, ọ́síjìn wọn á bá háídírójìn inú síóláìtì lọ, á di omi, palládíọ̀mù á sì bọ́ sí àyè rẹ̀. Iṣẹ́ tí o kò tíì parí ni fọ́nẹ́ẹ̀sì bá ọ parí. Lójú tèmi, 750 kì í ṣe ọjọ́ ogbó fún irú ohun èlò yìí, ara bí a ṣe ń ṣe é ni. Kọ́kọ́ sè é báyìí, wọn ohun tó gbà, kí o wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ orí rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ti 900 yàtọ̀. Síóláìtì lè fara da ìgbóná gbígbẹ gan-an, àmọ́ èéfín ọkọ̀ kì í gbẹ. Bí lítà dísẹ́ẹ̀lì kan bá jó tán, omi tó ń bá èéfín rẹ̀ jáde nínú sàlẹ́ńsà á tó nǹkan bíi lítà kan. Omi yìí, tí ìgbóná bá ti pọ̀ jù, ló ń já okùn tó so alumíníọ̀mù mọ́ sílíkọ̀nù. Alumíníọ̀mù á yọ kúrò lára síóláìtì, palládíọ̀mù tó fi í ṣe ìjókòó kò ní rí ibi dúró sí, á tún padà di PdO, wóró á máa dàpọ̀ mọ́ wóró, wọ́n á sì máa tóbi. Tó bá ti kọjá 800 dáadáa, PdO fúnra rẹ̀ á sọ ọ́síjìn nù, á di irin palládíọ̀mù lásán. Bí alumíníọ̀mù bá ń yọ lọ bẹ́ẹ̀, àwọn ihò náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wó. SSZ-13 tilẹ̀ gbìyànjú. BEA, irú síóláìtì mìíràn tí ihò rẹ̀ fẹ̀, kì í pẹ́ tó o.

Ṣé ó lè jí? Alumíníọ̀mù ni kí o bi. Wá ibi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ NMR tó ń ka ohun líle, èyí tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì mọ ipò tí átọ́ọ̀mù wà (ppm ni ẹyọ ìwọ̀n rẹ̀): alumíníọ̀mù tó ṣì wà ní àyè rẹ̀ máa ń yọ ní nǹkan bíi 55 sí 60 ppm, èyí tó ti já bọ́ á yọ nítòsí 0. Lórí XRD tí wọ́n ń fi kọ́pà ṣe, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán X wo bí átọ́ọ̀mù ṣe tò, wo 33.9° fún PdO àti 40.1° fún irin. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra níbí: wóró tó kéré jù kì í hàn lórí XRD, nítorí náà tí o kò bá rí i, má sọ pé kò sí. Bí alumíníọ̀mù bá ṣì pọ̀ ní ipò, tó sì jẹ́ pé palládíọ̀mù nìkan ló kóra jọ, gbígbé e padà sí 750 nínú afẹ́fẹ́ lè tún púpọ̀ nínú rẹ̀ tú ká. Bí alumíníọ̀mù bá ti lọ, má náwó sí i mọ́, ṣe òmíràn.

Ọ̀rọ̀ iná wa ńkọ́? Èyí ká mi lára jù, torí mo mọ̀ pé iná lè lọ nígbà tí iṣẹ́ bá dé àárín. Fọ́nẹ́ẹ̀sì á máa tutù, afẹ́fẹ́ tó ń gba inú omi kọjá á ṣì máa gbé ooru omi wọlé, omi á sì ṣẹ̀ sórí ìyẹ̀fun rẹ. Omi gbígbóná tó ń ṣàn lè ba síóláìtì jẹ́ lọ́tọ̀, wàá sì rò pé 750 ló bà á jẹ́. Kí ìgbóná tó wálẹ̀ dé 200°C, ti ẹnu omi pa, kí afẹ́fẹ́ gbígbẹ nìkan máa kọjá títí á fi tutù. Wákàtí tí ìgbóná fi wà ní 750 gan-an ni kí o kà, kí o sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ pé iná lọ, àti ìgbà tó lọ.

Ó ku CO, gáàsì olóró tó ń jáde nígbà tí epo kò bá jó tán. Èéfín gidi ní CO nínú, ó sì ní ojú méjì. Bí omi tilẹ̀ wà, CO máa ń ran palládíọ̀mù lọ́wọ́ láti di NO mú, ṣùgbọ́n tó bá ń pọ̀ lé e lórí léraléra, á sọ Pd²⁺ di irin, irin náà á sì máa rìn kóra jọ. Fi kún ìdánwò rẹ, kí o tún un ṣe lórí ìyẹ̀fun kan náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, torí ìgbà àkọ́kọ́ kì í fi ìbàjẹ́ yìí hàn.