Ṣé àrùn erìgì lè ti ara ìfẹnukonu ranni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Erìgì bàálé mi máa ń ṣẹ̀jẹ̀ bí wọ́n bá ń fọ ẹnu. Ṣé mo lè kó o bí a bá fẹnu kora? — Ìyá Ẹlẹ́ja, ọjà Olúwo, Ẹ̀pẹ́

Ìdáhùn: Ìyàwó wa, kòkòrò tó ń fà á lè ràn yín. Lọ́dún 2014, àwọn onímọ̀ ní Netherlands rí i pé ìfẹnukonu ìṣẹ́jú àáyá 10 lè gbé kòkòrò tó mílíọ̀nù 80 kọjá. Ẹ má fòyà, púpọ̀ nínú wọn kì í ṣeni níbi. Ẹ̀jẹ̀ yẹn gan-an ló ká mi lára. Ẹ bá wọn wò ó: bí erìgì bá pọ́n, tó wú, tí ìdọ̀tí líle sì lẹ̀ mọ́ ìdí eyín, pákò ò lè ṣí i, àfi dókítà eyín. Ẹ̀yin náà, ẹ bá wọn lọ, ẹ jọ̀ọ́.