Ọwọ́ mi wà nínú aró, ṣé mo lè fetí kàwé lọ́fẹ̀ẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Aláró ni mí ní Òṣogbo níbí, àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́ ọwọ́ mi wà nínú aró, bí ò bá sí nínú aró a jẹ́ pé mò ń fi ìyẹ́ adìẹ ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Mo fẹ́ràn ìwé gan-an ṣùgbọ́n ọwọ́ wo ni mo fẹ́ fi ṣí i? Ọmọ mi ní àwọn kan máa ń ka ìwé sílẹ̀ téèyàn á kàn máa gbọ́ lórí fóònù, ó bá mi wá ọ̀kan, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ọ̀fẹ́ ni, ká bẹ̀rẹ̀ báyìí wọ́n ní ká fi nọ́ńbà káàdì báǹkì sílẹ̀. Mo ní kó pa á. Ṣé ọ̀fẹ́ tòótọ́ wà? Dátà ńkọ́? Ìyá Ìbejì, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, àrẹdú o! Ọ̀fẹ́ tòótọ́ wà, ẹ sì ṣe dáadáa tẹ́ ẹ pa ìyẹn. Ìtọ́wò ni irú wọn fi ń pe èèyàn, tí ọjọ́ bá ti pé tẹ́ ò rántí fagi lé e, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó, ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí, ó dùn mí wọra.

LibriVox ni kẹ́ ẹ lọ, ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ka ìwé sílẹ̀ fún gbígbọ́. Hugh McGuire ló dá a sílẹ̀ ní Montreal, Kánádà, lọ́dún 2005, ọdún yẹn náà ni UNESCO fi Igbó Ọ̀ṣun tiwa sínú àkọsílẹ̀ ohun àjogúnbá ayé. Àwọn tó ń kàwé níbẹ̀ yọ̀ǹda ara wọn ni, kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wọn. Ìwé àtijọ́ nìkan ni wọ́n ń kà, èyí tí ẹ̀tọ́ oníwèé ti tán lórí ẹ̀ lófin Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ni wọ́n ti tẹ̀ jáde láti ohun tó lé ní ọdún 95, ìdí nìyẹn tí ò fi gbówó. Bẹ́ ẹ bá dà á kọ fún aláró ẹgbẹ́ yín, ẹ ò jalè. Ẹ má kàn wá ìwé tuntun lọ síbẹ̀.

Dátà ló ká mi lára jù torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sá padà. Ẹ má gbọ́ ọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wà á sórí fóònù. Ẹ máa rí 64 kbps àti 128, òun ló ń sọ bí fáìlì ohùn náà ṣe tóbi tó, 64 ni kẹ́ ẹ mú, wákàtí kan ẹ̀ ò ju nǹkan bíi MB 29 lọ, 128 á jẹ ìlọ́po méjì ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ohùn èèyàn lásán ni, kì í ṣe orin. MP3 ni, torí náà ẹ ní kọ́mọ yín kó o sórí memory card, kó kì í bọ rédíò kékeré tó ń gba memory yẹn, ẹ gbé e síbi tí aró ò ti ní ta sí i, kẹ́ ẹ máa báṣẹ́ lọ, fóònù yín á wà nínú báàgì jẹ́ẹ́.

Ohùn wọn ò rí bákan náà o. Ìwé míì, èèyàn bíi mẹ́wàá ló pín in kà, bẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ohùn ẹnì kan lára ló máa dákẹ́ tí ẹlòmíì á gbà á, ó máa ń já mi kulẹ̀. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ solo sí, ìyẹn ni pé ẹnì kan ṣoṣo ló kà á, kẹ́ ẹ sì gbọ́ bí ìṣẹ́jú márùn-ún kẹ́ ẹ tó wa odindi.

Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ti Yorùbá tó wá sí mi lọ́kàn ni Bíbélì lórí ìkànnì Bible.is, ọ̀fẹ́ lòun náà. Ṣùgbọ́n tí Gẹ̀ẹ́sì bá rọ̀ yín lọ́rùn, ìtàn ayé Olaudah Equiano ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ọmọ Igbo tí wọ́n jí gbé pẹ̀lú arábìnrin ẹ̀… rárá, ẹ jẹ́ kó fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ fún yín, òun fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́, London ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dún 1789. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ orí kejì tán ẹ kọ̀wé sí mi, ibẹ̀ ni wọ́n ti ya òun àti arábìnrin ẹ̀ sọ́tọ̀, mo sì fẹ́ mọ bó ṣe rí lára yín.