Ẹ Bi Wá: Jíìnì Wo Ni Kòkòrò Onígbáméjì Ń Tàn Nínú Ìfun?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Olùkọ́ wa ní kòkòrò onígbáméjì máa ń tan àwọn jíìnì kan nínú ìfun tí kì í tàn nínú ìgò láàbù. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Ṣé wọn ò kàn lè ṣí ìfun, kí wọ́n ka RNA kòkòrò náà (ẹ̀dà tí jíìnì tó tàn máa ń ṣe) ni? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ìdáhùn: Wọ́n lè kà á, wọ́n sì ń kà á lónìí. Àmọ́ RNA kòkòrò kì í pẹ́ fọ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Kí ẹ tó yọ ìfun tán, kòkòrò ti mọ̀ pé ibi tí òun wà ti yàtọ̀, ó ti pa jíìnì kan, ó ti tan òmíràn. RNA ti ẹranko náà sì pọ̀ débi pé ó ń bo ti kòkòrò mọ́lẹ̀. Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù ni pé ìṣẹ́jú tí ẹ ṣí ìfun nìkan ni RNA ń jẹ́rìí sí. Jíìnì tó tàn ní wákàtí kejì, tó sì ti kú ní wákàtí kẹfà, ẹ ò ní bá a mọ́ bó bá di ọjọ́ kejì.

Ọ̀nà tó tẹ́ wa lọ́rùn jù fún irú èyí ni RIVET, tí Andrew Camilli àti John Mekalanos gbé jáde ní 1995 fún Vibrio cholerae, ìyẹn kòkòrò onígbáméjì. Ẹ fi wé ilà ojú: bí olóólà bá ti bù ú, kò ní parẹ́ mọ́. Kòkòrò tó bá tan jíìnì tí à ń ṣọ́, kódà lẹ́ẹ̀kan péré, á gba ilà, gbogbo ọmọ rẹ̀ á sì bá a jogún rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á fi jíìnì tó ń gba kòkòrò lọ́wọ́ tetracycline (oògùn apakòkòrò) sínú DNA rẹ̀, wọ́n á sì fi àmì kan tí wọ́n ń pè ní res há a láàárín lọ́tùn-ún lósì. Jíìnì míì wà, tnpR, tó ń ṣe ẹ́nsáìmù tó mọ res. Bó bá ti rí méjì, á gé ohun tó wà láàárín wọn dànù. Olóólà wa nìyẹn. Wọn kì í fún tnpR ní promoter tirẹ̀, ìyẹn ibi tí àṣẹ "bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́" ti ń wá. Wọ́n á gé DNA kòkòrò wẹ́wẹ́, wọ́n á sì lẹ ègé kọ̀ọ̀kan mọ́ iwájú tnpR. Ègé tó bá ní promoter tó tàn, tnpR á ṣiṣẹ́, kòkòrò náà ò sì ní lè fara da tetracycline mọ́.

Wọ́n á kọ́kọ́ gbin gbogbo wọn sínú oúnjẹ kòkòrò tí wọ́n ń pè ní LB, tó ní tetracycline. Èyí tí promoter rẹ̀ ń tàn nínú láàbù á kú síbẹ̀. Àwọn tó kù ni wọ́n á fún ọmọ eku ọlọ́jọ́ márùn-ún: nǹkan bíi µl 50, tí wọ́n fi rọ́bà tín-ínrín dà sínú ikùn. Wọ́n máa ń po aró oúnjẹ díẹ̀ mọ́ ọn. Awọ ọmọ eku ṣì mọ́ gaara nígbà yẹn, ẹ ó rí àwọ̀ náà níbi ikùn. Bí ẹ ò bá rí i, ó ṣeé ṣe kó ti gba ọ̀nà ọ̀fun òdì.

Lẹ́yìn wákàtí 24, wọ́n á yọ ìfun kékeré, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sì tẹ́ ẹ sórí àwo tó ní streptomycin, oògùn apakòkòrò míì, nítorí kòkòrò tiwa fara da ìyẹn, púpọ̀ nínú àwọn àlejò inú ìfun ò sì lè fara dà á. Bí ìṣùpọ̀ kòkòrò bá ti hù, wọ́n á tẹ aṣọ àrán tí wọ́n ti sè mọ́ lé e lórí, wọ́n á sì fi àrán náà tẹ àwo kejì tó ní tetracycline. Ẹ fàmì sí etí àwo méjèèjì kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ò ní mọ èwo ni èwo. Ìṣùpọ̀ tó hù lórí ti àkọ́kọ́, tí kò hù lórí èkejì, òun ló gba ilà nínú ìfun. Ẹ wá ka DNA tó wà níwájú tnpR rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fi RIVET ṣọ́ àkókò, nínú iṣẹ́ tó jáde ní 1999, wọ́n rí i pé tcpA, tí kòkòrò fi ń ṣe irun tó fi ń so mọ́ra nínú ìfun, ń tàn nígbà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àti pé ctxA, jíìnì májèlé tó ń fa ìgbẹ́ omi, ń dúró dè é. Ìgò láàbù nìkan ò lè sọ èyí fún ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè: Tiwa ti gba ilà tán kí a tó fún eku. Kí ló fà á? (Òṣìṣẹ́ láàbù, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ́nsáìmù yẹn mú ju bí ẹ ṣe rò lọ. Promoter tó ń jò díẹ̀díẹ̀ nínú LB ti tó fún un. Ẹ jẹ́ kí tetracycline wà nínú oúnjẹ wọn títí di ìgbà tí ẹ fẹ́ lò wọ́n, kí ẹ wá fọ̀ wọ́n kúrò nínú rẹ̀. Bó bá ṣì ń ṣẹlẹ̀, ẹ sọ ibi tí ribosome, ẹ̀rọ tó ń ṣe purotéènì nínú kòkòrò, ti ń di tnpR mú di aláìlágbára. Olóólà á dẹwọ́ díẹ̀. Ẹ tẹ́ díẹ̀ lára èyí tí ẹ fún eku sórí àwo lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì fún àwọn eku kan ní kòkòrò tí tnpR rẹ̀ kò ní promoter rárá. Àwa ò ní gba àbájáde kankan gbọ́ láìsí àwọn méjèèjì yìí.

Ẹ ṣọ́ra fún ásíìdì ikùn pẹ̀lú. Púpọ̀ kòkòrò ń kú níbẹ̀, nítorí náà ègé tó pòórá lè má jẹ́ ẹ̀bi jíìnì rẹ̀. Ẹ máa pín wọn sí agbo kéékèèké.

Ká tún sọ ọ́ kedere: pé jíìnì kan tàn kò fi dandan sọ ọ́ di èyí tí kòkòrò ò lè ṣe láìní. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ po kòkòrò tí ẹ yọ tirẹ̀ mọ́ odindi lọ́gbọọgba, kí ọ̀kan nínú wọn má ní lacZ (jíìnì tó ń sọ ìṣùpọ̀ di búlúù lórí àwo X-gal), kí ẹ fún eku. Lórí àwo X-gal, búlúù àti funfun ni ẹ ó kà.

Ìbéèrè: Ti ènìyàn ńkọ́? Wọn ò kúkú lè ṣí ìfun ènìyàn. (Nọ́ọ̀sì, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ni wọ́n ń lò. Ẹni tí onígbáméjì ṣe ní antibody, ohun ìjà ara inú ẹ̀jẹ̀, sí ohun tí kòkòrò náà ṣe nínú ara rẹ̀. Wọ́n á po omi ẹ̀jẹ̀ náà mọ́ kòkòrò tí wọ́n gbìn ní láàbù léraléra, kí antibody tó mọ ti láàbù lè lẹ̀ mọ́ wọn, kí wọ́n sì kó wọn dànù. Èyí tó kù mọ ohun tí ìfun nìkan ń rí. Wọ́n ṣe é fún Vibrio cholerae ní 2003, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn láti Bangladesh. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà nígbà tí ara ti ń yá ni kí wọ́n lò, kí wọ́n sì tọ́jú ti ọjọ́ tí wọ́n gbé aláìsàn dé láti fi wé e, torí antibody ò tíì pọ̀ lọ́jọ́ yẹn.