Èsì: Jíà ásìlì fún pikọ́ọ̀pù tí a fi táyà ńlá sí

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá jíà ásìlì, ìyẹn jíà tí ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé ẹsẹ̀ ọkọ̀, ni kí ẹ pààrọ̀, nítorí pé láti ìgbà tí ẹ ti yọ táyà ínṣì 29 tí ẹ sì fi 33 sí i ni pikọ́ọ̀pù yín kò ti lágbára mọ́ láti gun òkè Abẹ́òkúta. Bẹ́ẹ̀ ni, òun ni. Táyà ńlá máa ń rìn jìnnà sí i ní yíyí kan ṣoṣo, ẹrù ìyẹn sì wà lọ́rùn ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi 33 sọ 3.55 tí ó wà nínú ásìlì yín (iye ìgbà tí ọ̀pá tó wọ inú ásìlì ń yí kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan) di ìlọ́po, kí ẹ wá fi 29 pín in, 4.04 ni yóò jáde, nítorí náà 4.10 ni kí ẹ rà. Bí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ń fa ọkọ̀ náà, tiwájú àti tẹ̀yìn gbọ́dọ̀ bára mu, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn yóò ba ara wọn jẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé e fún mẹkáníìkì tí kò ní géèjì tí a fi ń wọn àlàfo àárín eyín jíà; kí ó kun eyín náà lọ́dà, kí ó yí i, kí ẹ̀yin fúnra yín sì rí i pé àárín eyín gan-an ni wọ́n ti ń pàdé. Títí dìgbà náà, ẹ ṣọ́ eré sísá: bí mítà bá fi 100 hàn, 114 ni ẹ ń sá.