Ọkọ tó ń tú fóònù ìyàwó rẹ̀ wò lóru

Ìbéèrè: As-salāmu ‘alaykum, Àfáà wa. Ẹja ni mo ń tà lọ́jà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Àwọn apẹja máa ń pè mí kílẹ̀ tó mọ́. Tí mo bá ti sùn, ọkọ mi á rọra fa ìka mi, á fi ṣí fóònù mi. Kò rí nǹkan kan. Ó wá lọ bá àfáà kan tó tẹ yanrìn fún un, ìyẹn ní mò ń yan àlè. Ọkọ mi ní alámòójútó mi lòun, kò sóhun tóun ò lè wò. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?

Ìdáhùn: Wa ‘alaykumus-salām. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ìyá wa. Ọlọ́hun á fi yín lọ́kàn balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ alámòójútó yìí, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn oníwàásù kan. Sūratun-Nisā’, āyat 34, tó pe ọkùnrin ní alámòójútó obìnrin, ni wọ́n ń gùn lé. Bùkátà àti ìtọ́jú ni āyat yẹn gbé lé ọkùnrin lọ́rùn. Nínú Sūratul-Hujurāt, āyat 12, Ọlọ́hun ní: “Ẹ má ṣe tọpinpin ara yín.” Ta ló yọ ọkọ kúrò níbẹ̀?

Wọ́n á ní ti ìyàwó ẹni yàtọ̀. Ó dáa. Hadīth Jābir, ọ̀kan nínú àwọn ọmọlẹ́yìn Ànábì, wà nínú ìwé hadīth tí Imām Muslim kó jọ: Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ̀ fún ọkùnrin láti já wọlé bá ará ilé rẹ̀ lóru, kó máa wò ó bóyá wọ́n ń dalẹ̀ òun, tàbí kó máa ṣọ́ àṣìṣe wọn. Ẹ wò ó dáadáa o. Ilé rẹ̀ ni, ìyàwó rẹ̀ ni, ìrìn-àjò ló sì ti ń bọ̀. Síbẹ̀, wọ́n kọ̀ fún un. Mélòó mélòó wá ni ẹni tó ń fa ìka obìnrin tó ti sùn!

Ohun tó bá hàn gbangba lọ̀tọ̀. Wọ́n sọ fún Ibn Mas‘ūd, ọmọlẹ́yìn Ànábì, nípa ọkùnrin kan tí ọtí ń kán nírùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní wọ́n ti kọ ìtọpinpin fún àwọn, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá hàn sáwọn, àwọn á mú un. Ìpè apẹja láàárọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Kó bi yín lójúmọmọ pé ta ló pè, kẹ́ ẹ dá a lóhùn láìbínú. Tó bá fẹ́, kó tẹ̀ lé yín lọ sétí ọ̀sà.

Ti yanrìn ló burú jù. Ẹni tó bá lọ bi aríran léèrè nǹkan, ìrun rẹ̀ kò ní jẹ́ àtẹ́wọ́gbà fún òru 40. Imām Muslim ló gbà á wá. Ìwọ àfáà tó ń tẹ yanrìn, tó ń fi tú ilé onílé, bẹ̀rù Ọlọ́hun! Láwàní orí rẹ kò sọ iṣẹ́ awo di sunnah.

Ẹ má tú fóònù tiẹ̀ wò láti fi gbẹ̀san. Ẹ fi ìdáhùn yìí hàn án. Tí kò bá jáwọ́, kó wá rí mi lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀.