Ìbéèrè Yín: Ikọ́ Ẹ̀gbẹ Nínú Ojú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ojú mi ọ̀tún pọ́n, ó ń ṣe bàìbàì. Wọ́n ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, bẹ́ẹ̀ mi ò húkọ́ rárá. Mo ti lo oògùn mẹ́rin pẹ̀lú prednisolone fún ọ̀sẹ̀ 3, ara ojú ti yá. Ṣé kí n dá a dúró?

Ìdáhùn: Ẹ má dán an wò. Kòkòrò tó ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ lè bá ẹ̀jẹ̀ dé ojú láìsí ikọ́. Prednisolone ló mú kí ojú tètè fúyẹ́, kì í pa kòkòrò. Àwọn tó ń pa á ni rifampicin, isoniazid, pyrazinamide àti ethambutol, lójoojúmọ́ fún oṣù 2. Lẹ́yìn náà, rifampicin àti isoniazid nìkan fún oṣù 4, ó kéré tán. Ti ojú máa ń gùn tó oṣù 9 nígbà mìíràn.

Ethambutol gan-an ni kí ẹ ṣọ́. Ó lè ba iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ jẹ́, pàápàá bí kíndìnrín bá ń ṣàìsàn. Ẹ máa bo ojú kan, kí ẹ fi èkejì wo nǹkan pupa àti aláwọ̀ ewé. Bí àwọ̀ bá ń ṣá, ẹ lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Ìtọ̀ tó pọ́n bí ọsàn kò léwu ní tirẹ̀, rifampicin ni.

Prednisolone náà, díẹ̀díẹ̀ ni dókítà ń dín in kù. Ó lè gbé ìfúnpá inú ojú sókè, kí dígí inú ojú sì di kùrukùru, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wọn ìfúnpá náà. Bí wọ́n bá fún yín ní atropine, ẹ kán an bí wọ́n ṣe ní kí ẹ kán an: kì í jẹ́ kí awọ aláwọ̀ tó yí ọmọlójú ká lẹ̀ mọ́ dígí inú ojú náà.