Èsì: Ṣé ó yẹ kí n san owó iná tó dé lẹ́yìn tí mo ti kó kúrò?

Àbúrò, o ní o kó kúrò ní Bódìjà ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹfà, ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé ilé náà sì ń béèrè ìdajì owó iná tó dé ní oṣù Keje. Kó o tó bínú, wo oṣù tí wọ́n kọ sórí ìwé náà. Ilé tí kò ní mítà bíi tiyín, iná tẹ́ ẹ lò ní oṣù Kẹfà ni wọ́n ń gbé ìwé rẹ̀ wá ní oṣù Keje. Ọjọ́ mẹ́wàá kàn ọ́ nínú ẹ̀, bó o fẹ́ bó o kọ̀. Bí owó oṣù yẹn bá jẹ́ ₦18,000, ₦600 ni lójúmọ́. Ti ọjọ́ mẹ́wàá, ₦6,000. Ìdajì rẹ̀, ₦3,000, ni kó o san. Kì í ṣe ₦9,000!

Gbèsè àtẹ̀yìnwá tó bá wà nísàlẹ̀ ìwé ńkọ́? Tó bá ti wà kẹ́ ẹ tó dé, lánlọ́ọ̀dù ni kó lọ bá.

Ọ̀rọ̀ firísà rẹ̀ tó ò ń ráhùn pé ó ń jẹ iná jù, ká ní ẹ ní mítà ni, à bá gbọ́. Àfojúdá ni wọ́n fi ń bu owó fún yín, jọ̀ọ́ gbé ìyẹn tì.

Fi owó náà ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀, kó o kọ "iná oṣù Kẹfà, ọjọ́ 1 sí 10" síbẹ̀. Má kó o lé e lọ́wọ́ o.